Ata béárì, ata ajá, ata olè: èwo gan-an lẹ fẹ́ rà?

Lọ́sẹ̀ tí àwa àti àwọn ará ìjọ wa ń múra àtilọ ṣeré ní Banff, ọgbà ìjọba kan ní Kánádà tí béárì wà nínú rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta bọ́ sórí WhatsApp wa láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń bọ̀ wá kí wa láti Houston pè mí, ó na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sójú fóònù, agolo ata pupa kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fín sójú olè, rọ̀ mọ́ ọn. "Ìyàwó wa, ṣé èyí ò ní lé béárì lọ?" Àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ní òun ti ra ata béárì, ìyẹn ata inú agolo tí wọ́n fi ń lé béárì, òun tiẹ̀ ti fín in yí àgọ́ àwọn ọmọ òun ká kí ẹranko má bàa sún mọ́ ọn. Ẹnì kẹta wá ju ìròyìn àtijọ́ kan sáàárín wa, ti àwọn méjì tí béárì pa ní Banff lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wọ́n mú tiwọn dání o. Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?"

Àwòrán ọwọ́ àdúrà ni gbogbo wa fi fèsì. Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìdáhùn.

Calgary, ní Kánádà, ni mò ń gbé. Láti ilé wa dé Banff jẹ́ bíi kìlómítà 130, bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó náà ni. Béárì àkọ́kọ́ tí púpọ̀ nínú wa gbọ́ nípa rẹ̀ ni abo méjì tó já jáde láti inú igbó nígbà tí àwọn ọmọ kan pe Èlíṣà ní apárí. Kò sí béárì nínú igbó Áfíríkà lónìí, kò sì sí ọgbọ́n ọdẹ kankan tí bàbá ẹnikẹ́ni fi lé e lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ajá la mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, ajá tí a mọ̀ nílé àti ajá tó wà níbí, ìwà wọn ò dọ́gba.

Kí ló wà nínú agolo yẹn?

Ata ni. Kì í ṣe tajútajú, kì í sì ṣe májèlé. Wọ́n á fa òróró jáde lára ata gbígbẹ, wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan olómi, wọ́n á wá fi gáàsì tó máa tì í jáde há a mọ́ inú agolo, bí agolo fílíìtì tí a fi ń pa ẹ̀fọn. Ohun tó wà nínú òróró náà tó ń jẹ́ kó ta ni wọ́n ń pè ní capsaicin.

Ẹ jẹ́ ká fún àwọn agolo náà lórúkọ kí wọ́n má bàa dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èyí tí wọ́n kọ bear spray sí lára, a ó pè é ní ata béárì. Èyí tí wọ́n ṣe fún ajá, ata ajá. Èyí tí wọ́n ń pè ní pepper spray, tí àwọn èèyàn ń fi sínú báàgì nítorí àwọn ọmọ ìta, ata olè.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ata gbígbẹ bá já sínú iná ní ilé ìdáná. Ẹni tó wà ní pálọ̀ á máa wúkọ́, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á máa sín, ìyá àgbà á máa bèèrè pé ta ló fẹ́ pa gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò fi ata kan ẹnu. Irọ́ ni ata ń pa fún ara. Lára iṣan wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ kékeré kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n pariwo bí nǹkan gbígbóná bá kan wa. Tí ata bá ti bà wọ́n, wọ́n á pariwo iná bẹ́ẹ̀ iná ò sí. David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California ló rí ẹ̀ṣọ́ yìí lọ́dún 1997, ó sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Èèyàn ní ẹ̀ṣọ́ yìí, ajá ní in, béárì ní in, erin ní in. Ní Zimbabwe àti Zambia, àwọn àgbẹ̀ máa ń jó ata gbígbẹ pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ erin kí èéfín rẹ̀ lè lé erin kúrò nínú oko àgbàdo. Ṣùgbọ́n ata kì í ta ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí ata wẹ́wẹ́ fi ń hù lẹ́yìn ọgbà níbi tẹ́nikẹ́ni ò gbìn ín sí: ẹyẹ ló jẹ ẹ́ níbòmíràn tó wá yàgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Tí ata bá wọ béárì lójú àti nímú, ojú rẹ̀ á pa dé, ọ̀fun rẹ̀ á fún, kò ní lè gbóòórùn dáadáa mọ́. Ó máa ń sá padà. Tó bá yá, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní bá ọgbẹ́ kankan lọ.

Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ata, kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ibí ni Bọ̀dá Houston ti ṣì í. Ó ka 10% lára agolo tirẹ̀, ó wá rí 2% lára ata béárì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní tòun le jù ú lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá lọ apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé kan fún yín, tí mo tún lọ rodo mẹ́wàá, èwo ló máa ta yín?" Ó rẹ́rìn-ín.

10% yẹn ń sọ bí òróró ata tó wà nínú agolo ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bí òróró náà ṣe ta tó. Ó lè jẹ́ òróró tàtàṣé, ó lè jẹ́ ti rodo. 2% tó wà lára ata béárì ń sọ ìwọ̀n capsaicin fúnra rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀, ìyẹn ojúlówó títa. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ata béárì tí ìjọba fọwọ́ sí máa ń wà láàárín 1% sí 2%. Ata ajá tí àwọn tó ń pín lẹ́tà máa ń so mọ́ ìbàdí kì í ju bíi 0.35% lọ. Ajá ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, imú rẹ̀ ti tó o.

Títa nìkan kọ́ o. Ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ béárì grizzly, irú béárì aláwọ̀ ilẹ̀ ńlá kan, sọ pé agolo ata béárì ò gbọdọ̀ kéré sí gíráàmù 225, kó lè fín fún ìṣẹ́jú àáyá 6 ó kéré tán, kó sì dé mítà 7 àti ààbọ̀. Agolo ara kọ́kọ́rọ́ Bọ̀dá jẹ́ gíráàmù 15, kò sì lè kọjá mítà 3.

Bó ṣe ń jáde gan-an ló tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Púpọ̀ nínú ata olè máa ń jáde bí ìtọ̀ ọmọ ọkùnrin jòjòló: tín-ín-rín, tààrà, ibi tó bá kọjú sí ló ń bà. Ìyẹn dáa fún èèyàn kan tó dúró síwájú ẹni. Ata béárì máa ń tú jáde bí kùrukùru ọyẹ́, ó fẹ̀, ó sì nípọn. Wọn ò retí pé kí ẹ dojú lé ẹyinjú béárì tó ń sáré bọ̀. Ògiri ata ni ẹ ń mọ sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti òun, òun fúnra rẹ̀ ló máa sáré kó sínú rẹ̀.

Grizzly lè sáré tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tó bá fi máa dé mítà 3 tí agolo Bọ̀dá lè dé, ó ti wà lára Bọ̀dá.

Kí ló dé tí àwọn ti 2023 fi kú nígbà náà?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù, torí mo rántí bí ìròyìn náà ṣe bà wá lẹ́rù ní Calgary. Àwọn méjèèjì mọ igbó dáadáa, ibi tí wọ́n pàgọ́ sí jìnnà sí ojú títì, ajá wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba Kánádà, bá agolo ata béárì tí wọ́n ti fín tán níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú béárì náà wò, abo arúgbó ni, ó ti lé lọ́mọ ọdún 25, eyín rẹ̀ ti bàjẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ ò sì tó bó ṣe yẹ kó tó lásìkò náà. Ìgbà tí béárì ń wá ọ̀rá sára de òtútù ló pàdé wọn.

Ata kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí, kì í sì ṣe oògùn àjẹsára. Ó ń dín ewu kù ni. Bó ṣe ń dín in kù tó, àwọn onímọ̀ kan kó ìṣẹ̀lẹ̀ 83 tó jẹ mọ́ lílo ata béárì jọ ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, láti 1985 dé 2006, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú àwọn ìgbà tí wọ́n fín in sí béárì aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí grizzly wà lára wọn, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló jáwọ́ nínú ohun tó ń ṣe. Ti béárì dúdú jẹ́ 90. Nínú gbogbo èèyàn tó mú un dání, ìdá 98 ni béárì ò fọwọ́ kàn. Àwọn mẹ́ta péré ló fara pa, kò sì sí èyí tí wọ́n dá dúró sí ọsíbítù nínú wọn.

Kí n má tan yín: kì í ṣe gbogbo béárì inú àkọsílẹ̀ yẹn ló ń kù gìrì bọ̀ wá pa èèyàn. Òmíràn kàn ń tojú bọ ibi tí oúnjẹ wà ni.

Ṣé ìbọn ò dáa jù ú lọ? Àwọn onímọ̀ kan náà wo ìyẹn náà, ìṣẹ̀lẹ̀ 269 ní Alaska, wọ́n gbé e jáde ní 2012. Wọ́n rí i pé bóyá ẹni tó ní ìbọn lọ́wọ́ yìn ín o, bóyá kò yìn ín o, kò yí bó ṣe fara pa tàbí kò fara pa padà. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹran ń bọ̀ lójijì, ọta kan sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùrukùru tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in sára àgọ́

Agolo rẹ̀ jọ ti fílíìtì, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ata béárì kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fín sílẹ̀ de ẹranko. Nínú afẹ́fẹ́, lójú, nímú, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti gbẹ sára aṣọ tàbí sórí ilẹ̀, ó ti di òórùn oúnjẹ. Onímọ̀ kan ní Alaska, Tom Smith, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1998 pé òun rí béárì tó wá síbi tí ata ti dà sílẹ̀, tí wọ́n ń lá a, tí wọ́n ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ata tí ń bẹ nínú ọbẹ̀ tó ń hó, ta ló ń lé? Àdúgbò ló ń pè.

Àwọn kan tilẹ̀ ti fín in sára ọmọ bí ìpara ẹ̀fọn. Ẹ jọ̀ọ́ o.

Àǹtí fi omi fọ àgọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ṣì ń ta á lọ́wọ́. Inú òróró ni capsaicin máa ń yọ́ sí, kì í yọ́ sínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti rẹ́ rodo rí, tí ẹ wá fi ọwọ́ nu ojú lẹ́yìn tí ẹ ti ṣan ọwọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọṣẹ ló ń ká a, omi púpọ̀ á wá tẹ̀ lé e. Àgọ́ náà ò bá wa lọ sí Banff.

Ohun tó ń lé béárì jìnnà sí àgọ́ ni pé kó má rí ohun tó máa jẹ. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran sísun, ìdọ̀tí, ọṣẹ olóòórùn dídùn, títí kan ìpara ètè, inú mọ́tò tí a tì pa tàbí inú àpótí irin tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Òfin ọgbà ìjọba Kánádà lè bu owó ìtanràn tó $25,000 fún ẹni tó fún ẹranko ìgbẹ́ lóúnjẹ. Ẹni tó máa pàgọ́ fún ọjọ́ púpọ̀ lè fi wáyà oníná yí i ká. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn tó ń sin oyin gan-an ń lò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Agolo ìfidánrawò kan wà tí ata ò sí nínú rẹ̀, gáàsì àti omi lásán ni. A rà á. Níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ mi gbé páálí fíríìjì dání, ó ní òun ni béárì, ó dúró sí ìdí mọ́tò kejì. Bọ̀dá mi dúró níwájú, agolo ṣì wà nínú àpò ìbàdí rẹ̀. Ọkọ mi sáré. Ike kékeré kan wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó fín fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi àtàńpàkò fà á sí. Bọ̀dá tì í síwájú, ó tún tì í, ó wo agolo náà bí ẹni ń ka Bíbélì, páálí sì ti gbá a láyà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó yọ ọ́ kí ọkọ mi tó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ẹ̀kínní àti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí. Ata tó wà ní ìsàlẹ̀ báàgì ẹ̀yìn, lábẹ́ ṣinṣín àti súwẹ́tà, ẹrù lásán ni. Ìbàdí tàbí àyà ni kó wà.

Tí béárì bá ń bọ̀ tòótọ́, ẹ má sá. Ẹ fa ike yẹn yọ, ẹ di agolo mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó bá ku bíi mítà 10 sí 18, ẹ fín in síwájú rẹ̀, kí ẹ tẹ orí agolo wálẹ̀ díẹ̀ kó má bàa gba orí béárì kọjá, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Bí kò bá dúró, ẹ tún fín in. Bó bá ti yà, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má dúró ya fọ́tò.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Tó bá ń fẹ́ sójú yín, díẹ̀ máa ta sí yín lára. Nínú àkọsílẹ̀ Alaska, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fín in ni ata ta sí àwọn náà, púpọ̀ nínú wọn ò sì ju kí ojú máa ta wọ́n lọ. Ojú títa sàn ju èékánná béárì.

Ó tún ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni púpọ̀ wọn. Ata inú rẹ̀ kì í lọ, gáàsì tó ń tì í ni ó máa ń rọlẹ̀.

Ṣé béárì kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá, ẹ má sì fi àwọ̀ dá wọn mọ̀ o, béárì dúdú lè pupa bí iyẹ̀pẹ̀ Ìbàdàn. Iké tó wà léjìká ni kí ẹ wò: grizzly ní in, béárì dúdú ò ní in. Ata kan náà ló ń lé àwọn méjèèjì. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti kanra ni ọ̀rọ̀ wọn yà. Bí grizzly tí ẹ já lù lójijì bá gbá yín lulẹ̀, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, kí ẹ ṣe bí òkú. Bó bá jẹ́ béárì dúdú ló gbéjà kò yín, ẹ bá a jà, ojú àti imú ni kí ẹ máa lù.

Èyí tó dáa jù ni pé kó gbọ́ yín kó tó rí yín. Agogo kékeré tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò láti so mọ́ báàgì, owó ṣòfò ni. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ kọrin. Àwa ò níṣòro nípa ìyẹn, ẹgbẹ́ akọrin ló kó wa lọ.

Ajá ńkọ́?

Ká sọ òótọ́, béárì ò ní pàdé púpọ̀ nínú yín láéláé. Ajá ló máa pàdé yín. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé oúnjẹ kiri ilé onílé, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ní Amẹ́ríkà nìkan, ajá gbéjà ko òṣìṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà nígbà tó lé ní 5,800 lọ́dún 2023.

Nílé, tí ajá ìgboro bá gbó mọ́ ẹ, wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú òkúta, ajá á ti sá kọjá ilé kẹta. Mo dán an wò níbí lọ́dún tí mo dé. Ajá náà dúró, ó mi ìrù, ó ń retí kí n ju bọ́ọ̀lù. Ọgbọ́n yẹn ò wúlò níbí, kò sì dáa kí ẹ tẹ orí yín ba síwájú ajá tó ń bínú.

Ẹ dúró sójú kan. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má sì sá. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ohùn líle pé kó lọ sílé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì o, ajá wọn ò gbọ́ Yorùbá. Ẹ fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ sáàárín: báàgì, agbòòrùn, kẹ̀kẹ́. Báàgì lẹ́tà gan-an ni ààbò àkọ́kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pósítáàfíìsì, ata ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá máa wọ ilé onílé, kó mi géètì kó tó ṣí i, kí ajá má bàa já lù ú lójijì.

Bó bá ń bọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ata ajá nìyẹn. Bíi mítà 3 ni púpọ̀ wọn ń dé, ìyẹn sì tó fún ajá. Ojú àti imú ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ. Àmọ́ ajá tó ti di nǹkan mú sẹ́nu, ata lè má jẹ́ kó tú u, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fín in kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣé a lè fi ata béárì lé ajá? Ó máa sá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò, kùrukùru yẹn á kan ẹni tó ni ajá, ọmọ tó wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àti ẹ̀yin náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo náà jẹ́ òfin: ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó wà fún nìkan ni ẹ lè lò ó fún.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tó ń dún ní ohùn tí etí èèyàn ò gbọ́, tí wọ́n ní ajá kórìíra. Ajá mìíràn á yà, òmíràn á kàn gbé etí sókè, kó sì máa bọ̀. Mi ò ní fi ẹsẹ̀ mi ta tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn.

Bí ajá bá ti géni jẹ, yálà níbí tàbí nílé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gba ọsíbítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Nílé ló tiẹ̀ kàn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń fa ìdá tó tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún àìsàn dìgbòlugi tó ń mú èèyàn, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ẹni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tètè gbà ló ń gbà wọ́n là. Àwọn kan ṣì ń fi ata tàbí epo pupa sójú ibi tí ajá ti géni jẹ. Ẹ má ṣe é. Iwájú ajá ni ata yẹ kó wà, kì í ṣe ojú ọgbẹ́.

Kí ni òfin sọ?

Ibí ló ti lè di ẹjọ́. Agolo ara kọ́kọ́rọ́ Bọ̀dá bófin mu ní Houston. Ní Kánádà, ata tí wọ́n ṣe láti fín sí èèyàn wà lára ohun ìjà tí òfin kà léèwọ̀. Ká ní ó gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, ohun ìjà ló gbé wọ̀lú. Ata béárì àti ata ajá ni òfin gbà, tí a bá ti kọ orúkọ ẹranko sí wọn lára. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé ata béárì kiri ìgboro Calgary pẹ̀lú èrò pé òun máa fín in sí èèyàn ti rú òfin, bóyá ó fín in o, bóyá kò fín in o.

Ní Bìrìtìkó, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1968 kà á pọ̀ mọ́ ohun ìjà eléèwọ̀. Àbúrò mi tó wà ní Peckham ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun, mo ní kó ra ẹ̀rọ tó ń han gooro.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ lórí ata olè. Ní New York, ojúkojú ni wọ́n ti ń rà á, lọ́wọ́ apòògùn tàbí oníṣòwò ìbọn tó ní ìwé àṣẹ. Ata béárì rọrùn láti rà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọgbà ìjọba ló gbà á. Yosemite ní California kà á léèwọ̀, béárì dúdú nìkan ló wà níbẹ̀, ariwo tí èèyàn bá pa sì máa ń tó o.

Bàálù ò gba ata béárì rárá, ì báà jẹ́ báàgì ọwọ́, ì báà jẹ́ èyí tó ń lọ sábẹ́. Ẹ má rò pé àṣejù ni. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹ̀rọ kan lu agolo kan ṣoṣo ní ilé ìkẹ́rùsí Amazon kan ní New Jersey, òṣìṣẹ́ 24 ló dèrò ọsíbítù. Inú ilé tó gbòòrò bí pápá bọ́ọ̀lù lèyí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe inú bàálù. Fún ìdí kan náà, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn. Ooru máa ń mú agolo bẹ́.

Bọ̀dá fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Houston. Ìgbà tó dé Calgary ló ra ata béárì, òun ló sì so ó mọ́ ìbàdí láti àárọ̀ dé alẹ́ ní Banff, kódà nígbà tó ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù. A ò rí béárì kankan. Nígbà tó ń padà lọ, ó fẹ́ dì í sínú àpótí, a tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa báyìí. Tó bá ti pè lálẹ́ Sunday, lẹ́yìn tó bá ti kí àwọn ọmọ tán, ó máa ń béèrè rẹ̀ bí ẹni tó fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.